Ìrìn-àjò Wa sí Pápá Bọ́ọ̀lù Ìkẹ́nnẹ́

Àwọn baba wa a máa wí pé bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Òwe yìí kò mọ sí ọ̀rọ̀ oko nìkan. Ó bá ilé-ẹ̀kọ́ mu, ó bá ìlú mu, ó sì bá pápá bọ́ọ̀lù mu pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ń jókòó ní pápá ìlú rẹ̀ nígbà gbogbo, tí àwọn ará ilé rẹ̀ yí i ká, tí gbogbo ènìyàn sì ń hó ìhó kan náà, kò lè mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù ni òun fẹ́ràn, tàbí kí òun máa borí ni òun fẹ́ràn. Ìgbà tí ó bá di àlejò ní pápá ẹlòmíràn, tí ohùn rẹ̀ di ohùn ènìyàn díẹ̀ láàrin ọ̀pọ̀lọpọ̀, ìgbà náà ni yóò mọ irú ènìyàn tí òun í ṣe. Nítorí ìdí èyí ni a ṣe fẹ́ ròyìn fún yín nípa ìrìn-àjò kan tí a rìn lọ sí ìlú Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, láti wo ẹgbẹ́ Remo Stars nílé wọn. A ní ìgbàgbọ́ pé àwọn ohun tí a rí níbẹ̀ yóò wúlò fún àwa tí a ó máa kó ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn ní ọjọ́ iwájú.

Àwa méje ni a jọ lọ, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì sì ni gbogbo wa. Àkókò ìsinmi ni, ọjọ́ náà sì jẹ́ Ọjọ́rú, tí ó fi jẹ́ pé a kò pa ìsìn Ọlọ́run jẹ, a kò sì pa iṣẹ́ kankan tì. Ẹgbẹ́ tí a tẹ̀lé lẹ́yìn ni Shooting Stars ti Ìbàdàn. Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí a ní láti sọ ìtàn ẹgbẹ́ yìí fún, ṣùgbọ́n nítorí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá, ẹ jẹ́ kí a wí pé ní ọdún 1976, nígbà tí orúkọ wọn ń jẹ́ IICC, àwọn ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, nígbà tí wọ́n borí Tonnerre ti ìlú Yaoundé ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Ní 1992 wọ́n tún gba ife mìíràn, èyí tí à ń pè ní CAF Cup nígbà náà, lọ́wọ́ Nakivubo Villa ti ilẹ̀ Ùgáńdà. Ní 1984 àti ní 1996 wọ́n dé àṣekágbá ìdíje àwọn akọni ilẹ̀ Áfíríkà, ṣùgbọ́n Zamalek ti ilẹ̀ Íjíbítì ni ó borí wọn ní ìgbà méjèèjì. Láàrin 1976 àti 1998, wọ́n gba líìgì ilẹ̀ wa ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún.

Ìtàn yìí ni ó ń mú kí àwọn alátìlẹ́yìn Shooting Stars máa rìn bí ọmọ ọlọ́lá ní ibikíbi tí wọ́n bá dé. Pápá tiwọn, èyí tí ó wà ní Adámásingbà, orúkọ olóògbé Olóyè Lekan Salami ni ó ń jẹ́, ẹni tí ó fi ọkàn àti owó rẹ̀ ti ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Bí a bá sọ pápá ńlá ní orúkọ ẹni tí ó jẹ́ alátìlẹ́yìn, ẹ mọ̀ pé ní ìlú náà, wíwo bọ́ọ̀lù kì í ṣe eré ọwọ́ dilẹ̀.

Nígbà tí a sọ fún àwọn òbí wa pé a fẹ́ bá àwọn alátìlẹ́yìn lọ sí ìlú mìíràn, inú wọn kò dùn tó bí a ti rò. Baba ọ̀kan nínú wa sọ pé, “Ẹ máa wo bọ́ọ̀lù nílé. Ẹni tí ó bá lọ wò ó ní ìta, ẹ̀mí rẹ̀ ni ó gbé dání lọ.” A kò lè dá baba náà lẹ́bi. Ní ilẹ̀ wa, ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso líìgì ti fìyà jẹ ẹgbẹ́ púpọ̀ nítorí ìwà àwọn òǹwòran wọn: wọ́n ń bu owó ìtanràn lé wọn, wọ́n sì ń pàṣẹ nígbà mìíràn pé kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù nínú pápá tí kò sí ẹnì kan tí ń wò wọ́n. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Àkárá ní ilẹ̀ Gánà kò sì tíì kúrò lọ́kàn àwọn àgbà. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2001, Hearts of Oak, tí í ṣe onílé, ń bá Asante Kotoko ti ìlú Kumasi ṣeré. Àwọn àlejò ni ó kọ́kọ́ gbá ayò wọlé, ṣùgbọ́n nígbà tí eré ń lọ sí òpin, àwọn onílé gbá ayò méjì wọlé, wọ́n sì gba iwájú lọ́wọ́ wọn. Inú bí àwọn alátìlẹ́yìn Kotoko, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ìjókòó, wọ́n ń jù ú sínú pápá. Ọlọ́pàá yin tajútajú sí àárín wọn. Àwọn ènìyàn sáré sí ẹnu ọ̀nà, ẹnu ọ̀nà sì wà ní títì. Ènìyàn 126 ni ó kú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nítorí ayò méjì. A ka ìtàn yìí pọ̀ láàrin ara wa kí a tó gbéra, a sì fi ẹnu kò pé ohunkóhun tí ó wù kí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, àwa méje kò ní fi ara wa sílẹ̀, a kò sì ní gbé ohun kan nílẹ̀ jù.

Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì mẹ́ta ni ó gbéra. Èyí tí àwa wọ̀ ti gbó díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára. Ní iwájú ni àgbà kan jókòó sí, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Baba Onígángan, nítorí ìlù gángan tí kì í kúrò ní abíyá rẹ̀. Ó tó ẹni àádọ́rin ọdún. Ó ti tẹ̀lé ẹgbẹ́ náà láti ìgbà èwe rẹ̀, ó sì mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù 1976 bí ẹni mọ orúkọ àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Bí ọkọ̀ ti kúrò ní ìlú, ó dìde, ó sì bá gbogbo wa sọ̀rọ̀ pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹnu ni kí ẹ fi jà. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ jà nínú yín, kò ní bá wa wọ ọkọ̀ yìí padà sí Ìbàdàn.” Àwọn ọ̀dọ́ ní, “A gbọ́, Bàbá,” ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu gángan rẹ̀.

A gba ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1978, títí a fi dé Ògèrè, níbi tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé máa ń tò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí ìlú mìíràn. Níbẹ̀ ni a ti yà kúrò, tí a gba ti Ìpẹru kọjá. Ariwo ọ̀nà ńlá dákẹ́ lẹ́yìn wa. A bẹ̀rẹ̀ sí í rí oko ẹ̀gẹ́ àti igi ọ̀pẹ, a sì ń rí àwọn ìyá tí wọ́n pàtẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun sí ẹ̀bá ọ̀nà. Láìpẹ́ a dé Ìkẹ́nnẹ́.

Ìkẹ́nnẹ́ kì í ṣe ìlú ńlá. Ẹni tí ó bá ń sáré lè kọjá rẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé òun ti dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí olùkọ́ kan tàbí ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ kọjá níbẹ̀ láìṣí fìlà. Níbẹ̀ ni a bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1909, ẹni tí òun náà ti jókòó rí gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni Wesley ní Ìbàdàn. Nígbà tí ó di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ láìgba kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí àgbà wa ni kì bá tí mọ ìwé kà bí kò bá sí ti ọdún náà. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ náà ni Tai Solarin, tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1956. Òtítọ́ ni pé Solarin kò bá ìjọ kankan rìn, ó sì ń sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè wí pé kò fi ara rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ó kọ́, tàbí pé kò kọ́ wọn láti fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́. A wí fún ara wa nínú ọkọ̀ pé ìlú kékeré tí ó bí irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí, kò tọ́ kí a fi ojú kékeré wò ó.

Síbẹ̀ àwọn kan nínú ọkọ̀ ń fi ìlú náà ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ń béèrè bóyá inú oko ni a ó ti gbá bọ́ọ̀lù náà, àti bóyá ewúrẹ́ ni yóò ṣe adájọ́. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà pápá, yẹ̀yẹ́ náà dákẹ́. Pápá Remo Stars kò tóbi. A kò lè fi í wé pápá ńlá orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè. Ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ohun gbogbo sì wà ní ipò rẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin orílẹ̀-èdè wa pàápàá ti ṣeré níbẹ̀. Ibi tí a fún àwa àlejò láti jókòó súnmọ́ etí pápá tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ bí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń pe ara wọn lórúkọ, tí a sì ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lára bọ́ọ̀lù. Ní pápá ńlá, ènìyàn ń wo bọ́ọ̀lù bí ẹni ń wo òkè láti ọ̀nà jíjìn. Ní Ìkẹ́nnẹ́, ó dà bí ẹni pé eré náà ń ṣẹlẹ̀ ní àgbàlá ilé rẹ.

A bi ọkùnrin kan tí ń já ìwé ìwọlé léèrè ìtàn ẹgbẹ́ wọn, ó sì fi ayọ̀ sọ ọ́ fún wa. Ní 2004 ni a dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, FC Dender ni wọ́n sì ń pè é. Ní 2010 ni ó di Remo Stars. Wọ́n gòkè lọ sí líìgì ńlá, wọ́n ṣubú kúrò níbẹ̀, wọ́n sì tún gòkè ní 2021. Láti ìgbà náà wọn kò wo ẹ̀yìn. Ipò kẹta ni wọ́n ṣe ní 2022. Ní 2023 wọ́n ṣe ipò kejì, ní 2024 wọ́n tún ṣe ipò kejì, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé ìgbákejì ni Ọlọ́run dá wọn láti máa jẹ́. Ní 2025, lábẹ́ olùkọ́ni wọn Daniel Ogunmodede, wọ́n gba líìgì náà. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni pé ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ti ìjọba ìpínlẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní ilẹ̀ wa ti rí. Ẹnì kan ni ó fi owó ara rẹ̀ dá a sílẹ̀. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọdé, tí à ń pè ní Beyond Limits, ó sì ní ẹgbẹ́ ti àwọn obìnrin pẹ̀lú. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ mọ òwe yìí, wọ́n sì ń lò ó.

Níhìn-ín a ní láti sọ ohun kan tí ó wúwo lọ́kàn wa. Ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, Kunle Soname, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá Bet9ja, ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ orí bọ́ọ̀lù, sílẹ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni, kò sì sí ìtìjú nínú òwò tí òfin fi àyè gbà. Ní 2015 ọkùnrin kan náà ra ìpín tí ó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ Feirense ní ilẹ̀ Pọtogí, tí ó fi di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù. A kò wá láti ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìjókòó wa ni ọmọkùnrin kan wà, tí kò ju ọmọ ọdún 15 lọ, tí ó bá ọkọ̀ wa wá láti Ìbàdàn. Bí bọ́ọ̀lù ti ń lọ níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Fóònù ni ó ń wò. Nígbà tí a bi í léèrè, ó ní òun ta tẹ́tẹ́ lé orí àwọn ẹgbẹ́ mẹ́fà ní ilẹ̀ òkèèrè, àti pé ìgbákejì ẹgbẹ́ kẹrin ni ó ń da òun láàmú. A kò béèrè ilé-iṣẹ́ tí ó gba owó rẹ̀. A béèrè ibi tí ó ti rí owó náà. Ó ní, “Owó ìwé tí ìyá mi fún mi ni, ẹ̀gbọ́n. Tí mo bá jẹ, màá rà á.” Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó fi forúkọ sílẹ̀, nítorí òfin kò fi àyè gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 18.

A wo ọmọ náà, a wo pápá tí ó dára níwájú wa, a kò sì mọ bí a ó ti so méjèèjì pọ̀. Owó tẹ́tẹ́ ti kọ́ ohun rere, ó sì ti gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ. Ẹni tí ó bá wí pé ọ̀kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ méjì yìí ni òtítọ́, kò tíì jókòó sí ibi tí àwa jókòó sí. Ọ̀kan nínú wa, tí ó mọ ìṣirò púpọ̀, mú bírò, ó sì fi han ọmọ náà lórí ìwé ìwọlé rẹ̀ pé bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá tilẹ̀ ní àyè ìdajì láti borí, ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ìgbà 64 ni ẹgbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò borí pa pọ̀. Ọmọ náà ka ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Kò sẹ́ni tó ṣe é fún mi báyìí rí.” Ó pa fóònù rẹ̀ dé, ó sì wo bọ́ọ̀lù fún ìgbà díẹ̀. A kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò tún ṣí i nígbà tí ó dé ilé. Ṣùgbọ́n a mọ̀ láti ọjọ́ náà pé ìṣirò tí à ń kọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ kì í ṣe ti inú ìdánwò nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí orí eré. Àwọn onílé ni ó gbá ayò wọlé, àwọn tiwa sì ń wá èyí tí wọn yóò fi bá wọn dọ́gba. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí eré parí, ọ̀kan nínú àwọn tiwa ta bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Gbogbo wa fò sókè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń di àsíá mú létí pápá ti gbé àsíá rẹ̀ sókè pé agbábọ́ọ̀lù náà ti kọjá ibi tí ó yẹ kí ó wà, adájọ́ sì fun fèrè pé ayò náà kò wọlé. Láti ibi tí a jókòó sí, kò sí ẹni tí ó lè búra pé adájọ́ jàre, kò sì sí ẹni tí ó lè búra pé ó jẹ̀bi. Síbẹ̀ gbogbo ènìyàn ń búra.

Ojú ọjọ́ yí padà ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn ọ̀dọ́ inú ọkọ̀ kejì sáré sí ibi ọgbà irin tí ó wà níwájú wa, wọ́n ń mì ín. Ẹnì kan gbé ìgò omi sókè. Àwọn ọ̀dọ́ onílé rí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ bọ̀ láti òdìkejì. Ìtàn Àkárá wá sí ọkàn wa, a sì rí i kedere bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀: kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn búburú, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn tí ń sunkún ayò. Àwa méje di ọwọ́ ara wa mú, a sì dúró láàrin ọgbà irin àti àwọn ará wa, bí a ti ṣe ìpinnu. Ẹ̀rù ń bà wá. A kò ní purọ́. Wọ́n ń tì wá, wọ́n ń pè wá ní ọ̀dàlẹ̀.

Nígbà náà ni a gbọ́ gángan. Baba Onígángan ti gun orí ìjókòó rẹ̀. Kì í ṣe ìlù ogun tí ó ti ń lù láti àárọ̀ ni ó ń lù mọ́. Ó kọjú sí àwọn onílé, ó sì ń fi ìlù kí wọn: ó kí ọba wọn, ó kí àwọn àgbà wọn, ó kí ọmọ Rẹ́mọ lápapọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ọmọ Yorùbá tí a fi ìlù kí, tí yóò lè máa sáré ìjà lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Àwọn ọ̀dọ́ onílé tí ń sáré bọ̀ rọra dúró. Ọkùnrin kan láàrin wọn rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó níbi tí ó wà. Àgbà onílé kan rìn wá, ó fi owó lé Baba níwájú orí, ó ní, “Ẹ ṣé o, Bàbá. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrìn.” Baba dá a lóhùn pé, “Ẹ kú àlejò wa.” Ẹni tí ó gbé ìgò omi sókè wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ṣí i, ó sì mu omi inú rẹ̀. Eré parí báyìí. Àwọn onílé ni ó borí.

Nígbà tí a jáde, ìyá kan tí ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà pè wá pé, “Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn, a ti nà yín, ẹ wá jẹun.” Ìkọ́kọrẹ́ ni ó fún wa jẹ, èyí tí àwọn kan nínú wa kò jẹ rí. Bí ó ti ń bù ú, ó ń bi wá léèrè iṣẹ́ wa. Nígbà tí a ní iṣẹ́ olùkọ́ ni a ń kọ́, ó fi ẹja kún un, ó ní ìlú olùkọ́ ni a wá.

Bí a ti ń ronú lórí ọ̀rọ̀ náà, a rántí pé bí àlejò ni àwọn agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wa ṣe bẹ̀rẹ̀, ní pápá àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké. Ní 1949, àwọn agbábọ́ọ̀lù 18 wọ ọkọ̀ òkun Apapa láti Èkó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Etim Henshaw ni balógun wọn, Teslim Balogun tí àwọn ènìyàn ń pè ní Thunder sì wà láàrin wọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ wọn níbẹ̀ pẹ̀lú Marine, ẹgbẹ́ kékeré kan lẹ́bàá ìlú Liverpool, wọ́n sì borí pẹ̀lú ayò 5 sí 2. Púpọ̀ nínú wọn kò wọ bàtà. Wọ́n tún lọ sí pápá Bishop Auckland àti ti Dulwich Hamlet, níbi tí wọ́n ti pàdánù. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá sílé, wọ́n yà ní Freetown, wọ́n sì borí Sàró pẹ̀lú ayò 2 sí òdo ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kò ní ọkọ̀ bọ́ọ̀sì alátìlẹ́yìn mẹ́ta lẹ́yìn wọn. Ìwà wọn ni alátìlẹ́yìn wọn. Wọ́n borí, wọ́n pàdánù, wọ́n sì fi orúkọ rere sílẹ̀ ní ibi gbogbo.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí kọ́, a sì fẹ́ gbé wọn síwájú yín. Èkínní ni pé kí a má ṣe fi ìtóbi ìlú mọ ìtóbi iṣẹ́. Ẹgbẹ́ ìlú kékeré tí ó ṣe ìgbákejì lẹ́ẹ̀mejì tí kò sọ̀rètí nù, yóò kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ abúlé ju ìwàásù wákàtí kan lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a ó rán lọ sí abúlé. Kí a má ṣe lọ bí ẹni tí a lé kúrò ní ìlú.

Èkejì ni pé iṣẹ́ olùkọ́ kò parí ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ tí yóò jókòó níwájú wa ti mọ tẹ́tẹ́ kí wọ́n tó mọ ìdá nínú ìṣirò. Bí a bá ń bínú sí wọn nìkan, wọn yóò fi pa mọ́ fún wa. Bí a bá jókòó tì wọ́n pẹ̀lú bírò àti ìwé, bóyá wọn yóò gbọ́.

Ẹ̀kẹta ni ti àlejò. Ìjà kò dọlà, orúkọ ní í sọ ni. Olùkọ́ kò lè dá ọmọ dúró láti má ṣe fẹ́ borí, kò sì yẹ kí ó dá a dúró. Ṣùgbọ́n ó lè kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe nígbà tí fèrè adájọ́ bá lòdì sí i, kí ọjọ́ náà tó dé, nítorí lọ́jọ́ náà gan-an ariwo kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ẹ̀kọ́. Àwa méje dúró níbi ọgbà irin nítorí pé a ti pinnu kí a tó kúrò nílé. Baba Onígángan mọ ìlù tí yóò lù nítorí pé ó ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ pípẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá di olùkọ́, tí ẹ sì kó àwọn ọmọ yín lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú mìíràn, ẹ kọ́ wọn bí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù sí ara ẹni, ẹ kọ́ wọn bí a ti ń ṣọ́ ilé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, ẹ kọ́ wọn bí a ti ń kí onílé, ní àárọ̀ nígbà tí a bá dé, àti ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí a bá ti pàdánù.